Dókítà ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, alágbo ń sọ Yorùbá: ta ló ń kọ́ alárùn ẹ̀dọ̀fóró lórí fóònù?

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí iléeṣẹ́ GSK ti kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ ínhélà ti di ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ventolin tí gbogbo alárùn ikọ́ fée mọ̀ gbówó lórí ju ìlọ́po méjì lọ, ìgbà mìíràn sì wà téèyàn á mówó dání tí kò ní í rí i rà. Ẹni tí èémí há mọ́ láyà lóru ò lè jókòó máa wojú ìjọba. Orí WhatsApp, Facebook àti TikTok ló gbà lọ.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé àìní fóònù ni ìṣòro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítòsí ọjà Ọjẹ́ n'Íbàdàn, ìyá kan tó ń dín àkàrà gbé fóìsì nóòtì kan sí i kí n gbọ́. Igi ni wọ́n ti fi ń dáná láti ìgbà ọmọge, ikọ́ ò sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin inú ohùn náà mọ Yorùbá í sọ, ó ń pa òwe, ó ń ṣàdúrà. Ó ní ínhélà máa ń di bárakú, ó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n jù ú nù, ìgò mẹ́ta àgbo òun á fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ tónítóní. Mo bi ìyá bóyá wọ́n gbà á gbọ́.

"Ọmọ mi, òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ tó yé mi. Ìwé ni wọ́n fún mi ní ọsibítù."

Mo wo ìwé ọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀.

Ẹni tó ní ọjà tó fẹ́ tà ní ìdí tó fi ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Ta ló ń san owó fún nọ́ọ̀sì kó wá sọ ọ́?

Ìyẹn sì ni irọ́ ṣe ń ráyè. Ínhélà kì í di bárakú. Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an, alágbo ò mẹ́nu bà á: aláwọ̀ búlúù yẹn ń ṣí ọ̀nà èémí ni, kì í wo wíwú tó wà nínú rẹ̀. Láti 2019 ni GINA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée, ti ní kí wọ́n má fi aláwọ̀ búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́, kí oògùn tó ń pa wíwú náà wà níbẹ̀. Àwọn fídíò tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn ṣì ń rìn kiri. Mélòó nínú wa ló ń wo ọjọ́ tí wọ́n gbé fídíò jáde? Àìsàn tí èéfín igi máa ń fà fún irú ìyá alákàrà yìí tún yàtọ̀ sí ikọ́ fée. Kì í lọ pátápátá, ìtọ́jú ló ń dín in kù. Àjọ WHO ní irú rẹ̀ pa èèyàn mílíọ̀nù 3.5 lágbàáyé ní 2021.

Nọ́ńbà NAFDAC tún ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Bí olùtajà bá ti gbé e sókè nínú fídíò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ wo ìdí nọ́ńbà náà: oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà L ló máa ń parí tiẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn náà.

Ní 2006, Norman àti Skinner ní Kánádà gbé ìbéèrè mẹ́jọ jáde láti fi wọn bí èèyàn ṣe lè wá ìmọ̀ ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì lò ó. Àwọn olùwádìí ṣì ń lò ó dòní. Àlèébù rẹ̀, lójú tèmi, ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe dá a lójú tó pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbé ìbéèrè mẹ́jọ náà fún ọkùnrin inú fóìsì nóòtì yẹn, máàkì ẹ̀ á pé.

Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ tòótọ́ tí ò wọ́n lówó wà. Láti 1999 ni Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town ti fi hàn pé ike omi 500 ml, tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n fi ẹnu ínhélà bọ̀ ọ́, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ típẹ́típẹ́ kí afẹ́fẹ́ má jò, ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ìṣẹ́jú kan péré ni nọ́ọ̀sì nílò láti fi Yorùbá ṣàlàyé ìyẹn sórí WhatsApp. Mo wá irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún ìyá alákàrà lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí. Ti àgbo tí mo rí lé ní ogún.

Ọjọ́ Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni àyájọ́ ikọ́ fée lágbàáyé. Ẹ̀yin ọsibítù ńlá, ẹ̀yin àpò-oògùn, kí ẹ tó tẹ báńà àti fìlà, ẹ kọ́kọ́ gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e síbí lọ́fẹ̀ẹ́.