Ẹ yé gba ẹnu Òyìnbó kọ́ Quenya

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ Quenya, èdè àwọn Elf tí Tolkien ṣe, mo ní ẹjọ́ bá yín rò 🧵

Ibi ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń sá. Wọ́n á gbé àtẹ ńlá kan síwájú yín, àfòmọ́ ẹ̀yìn rẹpẹtẹ, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: "in, on, at, to, for, from, with". Ẹ há a sórí! Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ti pa ìwé dé. Ẹ ní ó le.

Irọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ gbà kọjá ló sọ ọ́ di líle.

2/ Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: cirya, ọkọ̀ ojú omi. ("c" yẹn, bíi "k" ni.) Tolkien fúnra ẹ̀ lo cirya àti lassë (ewé) nínú àtẹ tó kọ ránṣẹ́ sí Dick Plotz ní àwọn ọdún 1960.

Ẹni tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì á kọ́kọ́ máa wá "a ship". Kò sí "a" níbẹ̀! Cirya ni ọkọ̀, i cirya ni ọkọ̀ náà. Ṣé èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá ni?

3/ Ó kan -ssë. Ciryassë. Àwọn tíṣà á ní "in, on tàbí at", ẹ̀yin náà á wá máa dààmú pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ní" ni, ẹ jàre. Nílé, lọ́jà, nínú ọkọ̀, lórí ọkọ̀: "ní" yẹn náà ló wà nídìí gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló pín in sí mẹ́ta, Quenya ò pín in, àwa náà ò pín in.

4/ Ibi tó ń dùn mí jù rèé: "to".

Ciryanna: sí ọkọ̀.
Ciryan: fún ọkọ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, "to" lè dúró fún méjèèjì, torí náà ẹ ń fi -nna síbi tó yẹ kí -n wà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó máa sọ pé "mo lọ fún Ìbàdàn" tàbí "mo fi owó sí màmá mi" nígbà tó fún màmá ẹ̀ lówó? Kò sẹ́ni. Ẹ ti mọ ìyàtọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó wọ iléèwé!

5/ "With" náà ń kó bá yín. Ciryanen kì í ṣe pé èmi àti ọkọ̀ jọ ń rìn. Ohun èlò ni -nen ń tọ́ka sí. "Fi" wa gan-an ni: fi ọ̀bẹ gé e, fi ọkọ̀ kó o.

Tọ́rọ̀ bá ti gba "fi", ẹ lo -nen. Tó bá jẹ́ "mo bá Adé lọ", ẹ gbé -nen jù síbẹ̀.

-llo ò ní wàhálà: "láti". Ciryallo, láti inú ọkọ̀.

6/ Ẹ wo -o, tó ń sọ pé nǹkan kan jẹ́ ti nǹkan kan tàbí ó ti ara ẹ̀ wá. Cirya + o kì í ṣe "ciryao". Ciryo ni. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ há a sórí bí òfin àràmàǹdà.

Ra + ẹran = rẹran. Ìpajẹ fáwẹ̀lì nìyẹn, iṣẹ́ iléèwé! Ẹ ṣáà rántí pé "a" nìkan ni -o yìí ń gbé mì. Lassë á di lassëo.

7/ Mi ò ní tàn yín: Yorùbá ò ní ṣe gbogbo ẹ̀ fún yín. "Àwọn" ò sí ní Quenya, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń yí padà. Cirya, ciryar. Elen (ìràwọ̀), eleni. Lassë, lassi. Èyí gba kíkọ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àmì. "á" ti Quenya kì í ṣe ohùn òkè, ẹ kàn fa fáwẹ̀lì yẹn gùn ni. Àmì méjì orí "ë" kàn ń sọ pé ẹ má gbé e mì.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Finnish ni Tolkien wò, kì í ṣe Yorùbá." Òótọ́ ni. Bloemfontein ní South Africa ni wọ́n ti bí i ní 1892, kò sì gba Ìbàdàn kọjá. Mi ò sọ pé ó jí èdè wa lò. Ohun tí mò ń sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ló wò, kí ló wá dé tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ fi ń túmọ̀ ẹ̀?

9/ Torí wọ́n ti kọ́ wa pé èdè ilé ò wúlò fún ẹ̀kọ́ ni. Ẹ wá lọ ń yá àwo ẹlẹ́yà lọ́dọ̀ aládùúgbò, tiyín wà nílé.

10/ Ó tó. Alda ni igi. Ẹ kọ "sí igi", "fún igi", "fi igi", "ní igi" ní Quenya sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, mi ò ní máàkì í 😌