Ẹ̀sùn tí a Fi Kan Ìwé Ìtàn Àròsọ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ẹ̀sùn kan wà nílẹ̀ tí ó ti pẹ́, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ó kọjá láìdáhùn. Àwọn kan nínú wa, tí wọn kì í ṣe ènìyàn búburú, ń wí pé irọ́ ni ìwé ìtàn àròsọ. Pé ẹni tí ó jókòó tì í ń fi àkókò Ọlọ́run ṣòfò. Pé ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ nìkan ni ó yẹ ilé ìwé ìjọ, nítorí pé òtítọ́ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí a kó ìtàn àròsọ kúrò nínú àpótí ìwé àwọn ọmọ, kí a sì máa fi owó tí à bá fi ra á ra ìwé ẹ̀rí. Èmi kò gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni mo ti ń ka oríṣi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí pọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ohun tí mo sì rí nínú wọn ni mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí àwọn olùfisùn pàápàá kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn. Ìwé wo ni àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ fẹ́ràn tẹ̀ lé Bíbélì àti ìwé orin bí kò ṣe Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́? John Bunyan ni ó kọ ọ́, ó jáde ní ọdún 1678. David Hinderer, tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ní Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Mo bi yín léèrè: níbo ni Ìlú Ìparun wà nínú àwòrán ayé? Ta ni ó fi ojú rí ọkùnrin tí ó ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹrù náà sì já sílẹ̀ níwájú àgbélébùú? Àròsọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ sì wí pé àlá ni. Bẹ́ẹ̀ ni Bunyan kan náà ti kọ ìwé ìgbésí ayé ọkàn ara rẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 1666, èyí tí ó sọ bí oore-ọ̀fẹ́ ti bá òun, olórí ẹlẹ́ṣẹ̀, pàdé. Mo ka méjèèjì ní oṣù kan náà. Òtítọ́ ni èyí àkọ́kọ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń yí ká inú ìbẹ̀rù ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, títí ó fi rẹ òǹkàwé. Nínú èkejì ó tú okùn náà, ó sọ ìbẹ̀rù náà di ọ̀nà, gbogbo wa sì lè bá a rìn ín.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí Bunyan fẹ́ tẹ ìwé yìí, ó fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn kan ní kí ó tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ní láti kọ ewì gígùn sí iwájú ìwé náà láti fi gbèjà ara rẹ̀. Nítorí náà ẹjọ́ wa yìí ti lé ní 300 ọdún. Ó yẹ kí ó ti rẹ àwọn olùfisùn.

Àwa Yorùbá kò tilẹ̀ fi ìgbà kan ṣi àlọ́ mú fún ìtàn. Nígbà tí apàlọ́ bá wí pé, Ààlọ́ o, tí àwọn ọmọ sì dáhùn pé, Ààlọ̀, kò sí ọmọ ọdún márùn-ún kan níbẹ̀ tí ó gbà pé Ìjàpá lọ sí ilé àna rẹ̀ ní àná. Gbogbo wọn ti fi ohùn ṣọ̀kan kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ láti tan ẹlòmíràn jẹ. Ta ni apàlọ́ tàn jẹ? (Òun a tilẹ̀ máa fi agogo ẹnu rẹ̀ búra ní ìparí pé òun kò purọ́, àwọn ọmọ a sì rẹ́rìn-ín.) Wòlíì Nátánì mọ èyí. Ó ní ọ̀rọ̀ Bátíṣébà àti Ùráyà láti bá Dáfídì sọ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ sọ ti ọlọ́rọ̀ kan tí ó gba abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Kò sí ọlọ́rọ̀ náà, kò sì sí àgùntàn náà; síbẹ̀ ọba bínú gidigidi, ó dá ẹjọ́ ikú, ẹni tí ó dá a fún kò sì jẹ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí ni Nátánì kà sí Dáfídì létí, mo rò pé ọba ì bá ti sùn lọ.

Wàyí o, àwọn olùfisùn ní ẹlẹ́rìí ńlá kan, n kò sì ní í fi í pamọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 397 sí 400. Níbẹ̀ ni ó ti bá ara rẹ̀ wí pé, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ilé ìwé, òun sunkún nítorí Dido, ayaba inú ewì Virgil tí ó pa ara rẹ̀ nítorí ìfẹ́, òun kò sì sunkún nítorí ọkàn òun tí ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: ara rẹ̀ ni ó ń bá wí jù, pé omi wà lójú òun tí òun kò dà sí ibi tí ó yẹ. Mo sì ń béèrè pé, ta ni ó kọ́ ọmọkùnrin náà bí a ti ń sunkún nítorí ẹlòmíràn?

Èyí kọ́ ni ó dá mi dúró jù nínú ìwé náà. Augustine dárúkọ Monica ìyá rẹ̀, ó dárúkọ Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ Adeodatus ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bí Adeodatus, tí ó bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì lé padà sí Áfíríkà kí Augustine lè fẹ́ ọmọ ẹni ńlá, kò ní orúkọ. Ó wí pé ọkàn òun ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó lọ; ó wí pé obìnrin náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í mọ ọkùnrin mìíràn mọ́; lẹ́yìn èyí, ó parí. Mo pẹ́ lórí ojú ìwé yẹn. Bóyá ó ń bo obìnrin náà láṣìírí ni, n kò lè mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹnu ẹnìkan ni a ti gbọ́ ẹjọ́ náà, àwọn àgbà wa sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí òǹkọ̀wé àròsọ kan bá dìde lónìí, tí ó kọ ìtàn bí obìnrin yẹn ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé láìsí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣé irọ́ ni a ó wí pé ó pa?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ìwé ìgbésí ayé. Lẹ́tà tí Samuel Ajayi Crowther kọ ní ọdún 1837, nígbà tí kò tíì di àlùfáà rárá, bí kò ṣe olùkọ́ bíi tiwa ní Sàró, tó ohun tí gbogbo ọmọ ilé ìwé wa ìbá máa kà lọ́dọọdún. Ó sọ bí a ti kó Òṣogùn ní ọdún 1821, bí a ti fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, bí òun ti ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí dé Èkó, títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gba òun sílẹ̀ lórí omi ní ọdún 1822. Ó sì sọ pé lóru, nínú ìdè, òun rò ó láti fi ọ̀já ara òun fún ara òun lọ́rùn pa. Ẹni tí ó kọ èyí mọ̀ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ C.M.S. ni yóò kà á, kò sì fi ẹwà bo wákàtí náà. Bí gbogbo ìwé ìgbésí ayé bá rí báyìí, n kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwé ti Anna Hinderer, aya David tí a ti dárúkọ lókè, èyí tí a ṣà jọ láti inú lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1872, ọdún kejì tí ó kú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ẹni tí ó bá ka ìyà tí wọ́n jẹ ní Kúdẹtì nígbà ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà etíkun dí, kò lè ṣàì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn kún inú ìwé náà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá wọn ń sọ nídìí ààrò ní alẹ́ ọjọ́ tí ó fi ọmọ rẹ̀ lé òyìnbó lọ́wọ́, n kò rí i kà níbẹ̀. N kò pe ìwé náà ní irọ́. Ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ìhà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kọjú sí.

Aké tí Wole Soyinka kọ ní ọdún 1981, tí Akinwumi Isola sì túmọ̀ sí Yorùbá, jẹ́ èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tíṣà kà, nítorí ilé wa ni: bàbá tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà St. Peter's, ìyá tí àdúrà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé ìwé. Ìtàn bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde sí owó orí tún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti kọ wọ́n síbẹ̀? Kò sí. Òtítọ́ ni òwú náà, ọwọ́ àròsọ ni a fi hun ún, aṣọ náà sì dára.

Èyí tí ó yẹ kí àwọn olùfisùn máa tọ́ka sí, tí wọn kì í tọ́ka sí, bóyá nítorí pé wọn kò kà á, ni ti Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ní ọdún 1929 sí 1930 ni àwọn lẹ́tà obìnrin yìí ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, I. B. Thomas, oní-ìwé-ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. Níhìn-ín mo bá àwọn olùfisùn dé ìdajì ọ̀nà, nítorí ẹnìkan pàlọ́ láìké sí àwọn ọmọ pé, Ààlọ́ o. N kò sì fẹ́ bí obìnrin náà ti ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ ní ojú ìwé kan, tí ó sì ń fi adùn rẹ̀ hàn wá ní èkejì. Ṣùgbọ́n kí ni ó tan àwọn ènìyàn jẹ? Ẹ̀wù ìwé ìgbésí ayé ni a fi wọ àròsọ yẹn. Ẹ̀wù náà ni wọ́n gbàgbọ́.

Ó ku ìwé ẹ̀rí. Èyí ni ó mú mi gbé kálàmù. Mo ti ka bíi mẹ́wàá nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ wọ̀nyí. Ọkùnrin kan ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà, ara rẹ̀ yá. Obìnrin kan kò rí ọmọ bí, ó gbààwẹ̀, ó bí ìbejì. N kò ṣiyèméjì pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn. Iṣẹ́ mi ni láti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kan tí mo mọ̀, tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tí ó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán lórí ẹní ìyá rẹ̀, tí ó sì ṣe gbogbo ohun tí ìwé náà wí. Ìyá náà kú. Ọmọ náà wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ wo nínú ààwẹ̀ náà ni òun bà jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi owó àròsọ ra ìwé ẹ̀rí, kí ni ẹ ó fún ọmọ yẹn kà? A tẹ̀ ẹ́ jáde pé òtítọ́ ni; ó ha sọ òtítọ́ fún un bí? Bíbélì kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa: Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú igbe, ó sì parí nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tí ó fi ìlà ayọ̀ kún un kí ó má baà ba ọkàn àwọn ènìyàn jẹ́.

Sáàmù náà ni mo kọ́kọ́ fún un. Èyí tí mo fi tẹ̀ lé e ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fagunwa, ẹni tí ó kàwé ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ni ó tẹ ìwé yìí ní ọdún 1938; bí ìwin àti ẹbọra inú rẹ̀ kò bá ba ìgbàgbọ́ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́, n kò mọ ìdí tí yóò fi ba ti wa jẹ́. Mo ní ohun kan tí mo rí sí i: Fagunwa ń wàásù jù. Ó ń dá ọdẹ dúró lẹ́nu ìjà láti bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ ìwà rere, bí ẹni pé kò gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn tí ó ń sọ. Katikíìsì ni mí, wàásù ni iṣẹ́ mi, mo mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sùn. Ọmọ náà fo gbogbo ibẹ̀. Ohun tí ó dì mú ni pé Àkàrà-ògùn wọ inú igbó náà, ẹ̀rù bà á, ó sá padà, ó sì tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti owó, kí àwọn tí ó fẹ́ ìwé ẹ̀rí máa dá owó rẹ̀ lọ́tọ̀. N kò ní í dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tí a rà ní èṣí ṣì ń dán nínú àpótí ìwé wa, kò sí ìka ọwọ́ ọmọ kan lára wọn. Ti Fagunwa ti ya lẹ́yìn, mo ti fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ìwé mẹ́rin ni ó sì ti sọnù níbi tí ìjà ti ń gbóná.