FÁÀNÙ DÁÍRẸ́Ẹ̀TÌ: TA NI YÓÒ SAN OWÓ Ẹ́ŃJÌNNÌ?



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè dákẹ́ lé lórí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jóná mọ́ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ni yóò san án, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé kì í ṣe ìwàkuwà ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Fáànù tí ó ń fẹ́ rádíétọ̀ ni. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nígbà tí fáànù náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀gá yìí kan náà ni ó sọ fún rewáyà pé kí ó má wulẹ̀ ra páàtì, kí ó so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi súìṣì kan sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún awakọ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀ràn dé, awakọ̀ tẹ súìṣì, ṣùgbọ́n inú súìṣì ti yọ́. Fáànù kò yí. Gééjì ìgbóná ọkọ̀ náà sì ti kú tipẹ́. Awakọ̀ ti fi ẹnu sọ fún wọn, kò fi ìwé sọ ọ́.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fáànù yìí, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ń bẹ nínú ọkọ̀ tí ó ń wà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àìmọ̀ rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn àgbà awakọ̀ inú wa rántí ayé ọkọ̀ ìjàpá Volkswagen àti Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó àti Kàdúná ní 1975. Bẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ bá fáànù nígbà náà. Bẹ́ẹ̀tì já ni àrùn tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí a ń wà lónìí ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọn dábùú. Bẹ́ẹ̀tì wọn kọjú sí ẹ̀gbẹ́, rádíétọ̀ sì wà níwájú. Ìdí nìyí tí a fi ń lo mọ́tò oníná láti yí fáànù.

Fáànù oníná yìí sábà máa ń ní eré méjì, eré kékeré àti eré ńlá. Súìṣì ìgbóná kan wà tí ó ń tọ́ omi inú rádíétọ̀ tàbí ti ẹ́ńjìnnì wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí omi bá gbóná tó nǹkan bíi dígírì 95, fáànù á bẹ̀rẹ̀ eré kékeré. Bí ìgbóná bá ṣì ń gòkè kọjá 100, á bọ́ sí eré ńlá. Nínú ọkọ̀ mìíràn, rẹsísítọ̀ ni ó ń dín iná kù kí ó tó dé mọ́tò, kí ó lè yí jẹ́jẹ́. Nínú èyí tí ó ní fáànù méjì, wọ́n lè so àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n pín fólìtì 12, kí kálukú gba 6. Bí ó bá di eré ńlá, kálukú á gba 12 tirẹ̀.

Rẹsísítọ̀ yìí ni ó sábà ń kọ́kọ́ kú, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbóná. Bí ó bá jó, eré kékeré ti lọ, ṣùgbọ́n eré ńlá ṣì wà. Awakọ̀ kò ní mọ̀ ní ojú ọ̀nà gbọọrọ. Inú gósílóò ni yóò ti rí i pé gééjì ń gòkè kọjá ibi tí ó máa ń dúró sí, kí fáànù tó gbéra pẹ̀lú ariwo ńlá. Ìgbà yìí ni ó yẹ kí a ra rẹsísítọ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà yìí kan náà ni àwọn onímọ́tò máa ń sọ pé, "Bá mi so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì."

Àwọn rewáyà kọ́ ni a ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn, ohun tí olówó bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ará wa tí ó wà ní ẹ̀ka iná ní ilé iṣẹ́: ta ni nínú yín tí yóò fa wáyà lásán lọ bá mọ́tò ńlá, láìsí kọ́ńtákítọ̀, láìsí òfálóòdù? Kò sí. Ṣé mọ́tò ti ọkọ̀ kì í ṣe mọ́tò ni?

Fáànù tí ó wà lórí eré ńlá lè gba ámpù 20 sí 30. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Súìṣì pẹlẹbẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́. Á gbóná, á yọ́, fáànù á dúró. Bí wáyà tí kò ní fíúsì bá sì fi ara ha irin títí ó fi bó, gbogbo agbára bátìrì á gba ibẹ̀, ara wáyà á gbiná. Iná kò sì ṣeé bò mọ́ aṣọ. Ẹni tí ó so tirẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́, tí fáànù ń sá eré ńlá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ń jẹ kábónù mọ́tò náà tán ni, ó sì ń di ẹrù ru ọ́tánétọ̀ láìnídìí.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó rí? Fún ọkọ̀ tí ó ní fáànù kan àti rẹsísítọ̀, rílè méjì ni kí a lò, ọ̀kan fún eré kékeré, ọ̀kan fún eré ńlá. Nọ́ńbà wà lára rílè. 30 ni ti iná tí ó ń bọ̀ láti bátìrì, fíúsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì. 87 ni ó ń lọ sí fáànù: ti rílè kìíní gba inú rẹsísítọ̀ kọjá, ti rílè kejì lọ tààrà. 86 ń gba iná kọ́kọ́rọ́ láti inú fíúsì kékeré. 85 ń lọ sí súìṣì ìgbóná, tí yóò fún un ní áàtì. Iná tí ó ń gba 85 àti 86 kò tó ìdámẹ́rin ámpù kan, nítorí náà súìṣì kò ní jó. Wáyà tí ó ru ẹrù fáànù kò gbọdọ̀ tín-ín-rín: 4 mm² ni kí a fi ru ámpù 30, kí áàtì náà sì nípọn tó o. Kí rẹsísítọ̀ wà níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ ẹ, kí ó jìnnà sí rọ́bà. Ti oní-fáànù-méjì tí ń pín iná ń fẹ́ rílè mẹ́ta. Bí ó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń darí fáànù, kí a má gé wáyà rẹ̀, páàtì tí ó kú ni kí a pààrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, kí ó yọ orí bátìrì, nítorí fáànù mìíràn lè gbéra lẹ́yìn tí a ti pa ọkọ̀.

Ní báyìí, kí a padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní ẹ̀ka 5, kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀gá láti kàn máa gé owó òṣìṣẹ́ nítorí nǹkan tí ó bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé kò bìkítà, kí aláṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí gígé náà tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà tún ní àpapọ̀ ohun tí a bá gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ. Kò sí ìwé kankan lórí ti arákùnrin wa. Ẹni tí ó kọ̀ láti ra rẹsísítọ̀ ni kò bìkítà. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n dá gígé náà dúró, kí wọ́n sì dá owó tí wọ́n ti gé padà.

Ẹ̀yin awakọ̀, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ máa jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná dáadáa lórí ìdúró, kí ẹ fetí sí i bóyá eré kékeré ni fáànù kọ́kọ́ ń sá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí gééjì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹ sì fi tó aṣojú ẹgbẹ́ létí. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ran arákùnrin wa lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá hó, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ má ṣí rádíétọ̀ gbígbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ fún baláńsì, tí ẹ kò ní owó oṣù, ẹ kọ ẹni tí yóò máa tún ọkọ̀ ṣe sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láàárọ̀, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni. Iná tí ó bá sẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ya awakọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èrò.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Rẹsísítọ̀ kan, rílè méjì àti fíúsì kò tó owó ẹ́ńjìnnì, wọn kò sì tó owó oṣù òṣìṣẹ́ kan tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ẹ má gba dáírẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.