Ẹ Má Pa Ìtàn Náà Tán Kí Àwọn Ọ̀rẹ́ Yín Tó Jókòó

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ojú ewé yìí ti rí i nínú fíìmù: ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká, wọn yóò sì jọ pa ìtàn ìyanu kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀dá ìtàn kan, ẹnì kan sì ń darí eré náà. Olùdarí yìí ni yóò sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n rí. Òun náà ni yóò gbẹnu sọ fún ọba, fún olè, fún iwin àti fún arúgbó ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn yòókù yóò sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tiwọn ṣe. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí pé ẹnì kan borí ẹnì kejì.

Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Lónìí, ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni àwọn tó ni ín ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti lo apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, owó kọ́ ni yóò dí ọ̀dọ́ Ìlọrin lọ́wọ́. Ohun tó sábà máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga olùdarí. Ẹni tó bá fẹ́ gba àga náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó tó wà lára eré náà bà yín lẹ́rù. Ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì kí eré Gygax tó jáde, D. O. Fágúnwà ti kó àwọn akọni jọ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ wo bí ó ṣe pín ẹ̀bùn fún wọn: Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tó ń fa ẹ̀dá gbogbo mọ́ra, tafàtafà sì wà láàárín wọn. Ohun tí ẹnì kan kò lè ṣe ni ẹnì kejì rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Wálé Ògúnyẹmí sọ ìrìn àjò náà di eré orí ìtàgé, Langbodo, tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní 1977. Ẹni tó bá ti ka ìwé Fágúnwà nílé ẹ̀kọ́ ti mọ bí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò inú eré yìí ṣe ń rí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ àlọ́ ti lè ṣì wá lọ́nà. Nínú àlọ́, apàlọ́ ló ni òpin. Kí àwọn ọmọ tó dáhùn “Àlọ̀!” ni ó ti mọ ibi tí ẹ̀yìn Ìjàpá yóò ti fọ́. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ni kí wọ́n gbe orin. Nínú eré yìí, ọmọ kan lè nawọ́ sókè kó ní òun kò bá Ìjàpá lọ síbì kankan, òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ bá Yánníbo sọ̀rọ̀ ná. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Olùdarí tuntun kì í fẹ́ràn èyí. Ẹ̀rù ìtìjú ń bà á, nítorí náà yóò jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò kọ ogún ojú ewé, yóò sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọba yóò sọ títí dórí èyí tó kẹ́yìn. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yà sí òsì, yóò gbé ògiri dí òsì. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ọ̀tá ṣàdéhùn, ọ̀tá yóò di adití. Kò ní pé wákàtí kan tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn. Kì í ṣe pé ìtàn náà kò dùn o. Wọ́n ti rí i ni pé bí wọ́n sọ̀rọ̀, bí wọn kò sọ̀rọ̀, ibi kan náà ni a ń lọ.

Kí ni kí ènìyàn wá pèsè? Ẹ pèsè ibùdó ìtàn, ẹ pèsè ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, kí ẹ sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i. Ojú ewé méjì tó o. Ẹ má sì lọ yá ilé ọba òkúta àti yìnyín lọ́wọ́ Yúróòpù nígbà tí ìlú wà lẹ́sẹ̀ yín. Òkúta Ìlọrin, èyí tí ìtàn ìlú sọ pé àwọn àgbà ń lọ irin sí kí ìlú tó gba orúkọ rẹ̀, ṣì wà ní agboolé kan ní àdúgbò Ìdí-Àpè. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀bẹ kò gé ẹran mọ́ lọ́jà. Abẹ́ onígbàjámọ̀ kú. Ọkọ́ kò wọ ilẹ̀. Wọ́n sáré dé ìdí òkúta, wọ́n bá ihò lásán. Ta ló gbé e? Iwin kan ni, ní Òkè Ṣóbì, tí ariwo irin kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ tí a ti tẹ ìlú dó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe nǹkan, ní alẹ́ ọjọ́ kẹta iwin náà yóò fọ́ òkúta yángá.

Ẹ kíyè sí i pé ẹjọ́ iwin náà kò burú. A lè bá a jà, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè wá ibòmíràn fún un, a lè kọrin fún un kó sùn. Ẹ má pinnu èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ yín yóò yàn.

Ká ní ẹ ní akópa mẹ́rin: ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò àti olórin dàdàkúàdà. Ọdẹ béèrè pé, “Ẹsẹ̀ wo la rí nílẹ̀?” Ẹ dá a lóhùn pé, “Ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin kò jọ ti ènìyàn. Gbogbo wọn dorí kọ Odò Asà.” Ẹ ti múra ẹ̀ṣọ́ kan sílẹ̀ létí odò, ẹ ti mọ àpárá tí yóò dá. Àfi bí amọ̀kòkò ṣe ní, “Èmi kò lọ sódò. Mò ń lọ bá àwọn ìyá mi ní Òkèlélé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń jí, wọn á ti rí nǹkan.”

Ibí gan-an ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbàgbé ẹ̀ṣọ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni amọ̀kòkò kan lè mọ̀ nípa olè tó gbé òkúta. Bóyá àlejò kan ti wá sanwó ìkòkò ńlá kan níjẹta, ìkòkò tí kò ní ọrùn, tí òkúta lè wọ̀. Ẹ kò kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ẹ ti mọ̀ mu, nítorí ẹ mọ ẹni tó gbé òkúta, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ ní Òkèlélé, òkúta ń kọjá odò lọ. Yíyàn wọn so èso, ó sì ná wọn ní nǹkan.

Ní ti dáìsì, eré Gygax ń lo olójú ogún. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ kọ nọ́ńbà láti 1 dé 20 sórí bébà kéékèèké, kí ẹ kó wọn sínú igbá, kí ẹ máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá bébà padà kí ẹlòmíràn tó fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àǹfààní kò ní dọ́gba mọ́. Iṣẹ́ tó rọrùn ń béèrè 10, èyí tó le díẹ̀ ń béèrè 15, èyí tó le gan-an ń béèrè 20. Ọdẹ tó mọ igbó dáadáa lè fi 3 kún ohun tó bá fà. Ó fẹ́ la odò kọjá lóru; ẹ ní 15; ó fa 9, ó di 12. Kò tó. Ẹ má sọ pé “o kò kọjá” kí ẹ dákẹ́. Ó kọjá, ṣùgbọ́n omi gba fìtílà lọ́wọ́ rẹ̀, òkùnkùn sì ṣú. Bí nǹkan kò bá ní yí padà yálà ó ṣe é tàbí kò lè ṣe é, ẹ má fi ọwọ́ kan igbá rárá.

Àwọn tí ẹ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi ẹgbẹ́ Critical Role, òṣèré tó ń fi ohùn jẹun ni wọ́n. Ẹ má fi ara yín wé wọn. Ohùn tí ẹ fi ń ra wàrà lọ́jà tó láti fi sọ̀rọ̀ fún iwin.

Ẹ ṣọ́ ẹni tó dákẹ́ jù. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ni a ti ń rí ẹnì kan tó máa ń gba ọ̀rọ̀ sọ, àti ẹnì kan tí a kì í bi ní ìbéèrè. Olùdarí ní agbára tí kò sí níbi ìnáwó tàbí lórí WhatsApp: ó lè yíjú sí ọ̀kan kó ní, “Gbogbo wọn ń jiyàn. Ìwọ ńkọ́, kí ni olórin ń ṣe?” kó sì dúró. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ díẹ̀. Lójú tèmi, nítorí ìṣẹ́jú yẹn ni eré yìí fi yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ìsìnrú ìlú ti tú àwọn ọ̀rẹ́ ká, tí àwọn tó kù nílé kò mọ̀ ju ìkíni lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé kò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà kígbe pé iṣẹ́ èṣù ni eré yìí. Bí Màmá bá gbọ́ “iwin” àti “oògùn” láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lálẹ́, kò ní burú bí òun náà bá kígbe. Ẹ ṣàlàyé fún un ní ọ̀sán, ẹ tilẹ̀ pè é kó wá gbọ́. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè pàdé lẹ́bàá tábìlì kan. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹnikẹ́ni ń sìn ṣe ọ̀tá inú eré. Iwin inú igbó tó. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Àlímì sílẹ̀. Ìjà àwọn ọdún 1820 ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wà láàárín wa, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tó gbé wàrà wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ẹ dúró ní Mọ̀gàríbì, kí ẹ sì parí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn bí ó bá kù. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ẹ tan fìtílà. Ìtàn Òkè Ṣóbì yóò tún dùn sí i. Kí ẹ tó túká, ẹ bi olúkúlùkù ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìyá amọ̀kòkò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Òkèlélé. Wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.