Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wo Fíìmù Náà Dé Òpin

Láti ìgbà tí a ti dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa fi fíìmù The Harder They Fall han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Alafiarou ni a ti ń gbọ́ ìbéèrè kan náà: kí ni ó pa ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ àwọn agẹṣin oníbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Àwọn mìíràn sọ pé fíìmù ẹ̀san ni, àti pé ìpànìyàn ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ ọmọ ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Síbẹ̀, a kò gbà fún wọn.

Òtítọ́ kan wà tí kò ṣeé fi pamọ́: àwọn ọmọ ti rí i. Wọ́n rí i ní díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù: ìbọn tí ń dún, ẹṣin tí ń sáré, fìlà tí ó dára, ọkùnrin tí ó ṣubú. Ìparí rẹ̀ ni wọn kò rí. Ẹni tí ó bá ní kí a má fi fíìmù náà hàn kò lè gba ìbọn yẹn kúrò lójú wọn. Ìjíròrò tí ì bá tẹ̀lé e nìkan ni yóò gbà lọ́wọ́ wọn.

Ta ni ó sì ṣe é? Jeymes Samuel ni, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, àbúrò olórin Seal tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Henry Olusegun Adeola Samuel. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní fíìmù àjèjì, kí ó ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 2013 ni Samuel ti kọ́kọ́ gbìyànjú irú ìtàn yìí nínú fíìmù kúkurú kan, They Die by Dawn. Nígbà tí ó padà sí i ní New Mexico ní 2020, àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ dúró. Ó tilẹ̀ mú Idris Elba, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré rẹ̀. Fíìmù náà ni wọ́n fi ṣí àjọ̀dún fíìmù Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Netflix gbé e jáde ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, BAFTA sì fún Samuel ní ẹ̀bùn iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní 2022.

A kò sọ pé kò lábùkù. Samuel mú orúkọ àwọn ènìyàn tí ó gbé ayé rí, ó sì fi ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ hun wọ̀ wọ́n. Inú oko ẹrú ní Tennessee ni wọ́n bí Nat Love tòótọ́ sí ní 1854. Ó di darandaran, ó sì kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1907. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Rufus Buck tòótọ́ nígbà tí wọ́n yẹgi fún un ní Fort Smith ní 1896. Mary Fields ti tó nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ẹṣin kó lẹ́tà kiri ní Montana. Obìnrin adúmáadán ni, ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Nínú fíìmù, ó di omidan pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, olólùfẹ́ Nat. Ọ̀pọ̀ òǹwòran bínú sí èyí, wọ́n sì jàre. Ẹni tí ó ń dá orúkọ àwọn tí a gbàgbé padà kò gbọ́dọ̀ tún pa àwòrán wọn rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀san ni ẹjọ́ tí wọ́n pè wá. Ẹ gbọ́ bí ìtàn náà ṣe lọ. Ọmọdé ni Nat nígbà tí Rufus wọlé bá wọn nídìí oúnjẹ, tí ó pa bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, tí ó sì fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sí i níwájú orí. Nat dàgbà, ó di olè tí ń ja àwọn olè lólè, ó sì ń pa àwọn ẹmẹ̀wà Rufus lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó wá ká Rufus mọ́, ó gbọ́ ohun tí kò retí: ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Bàbá tí Nat mọ̀ sí ẹni Ọlọ́run ti jẹ́ ọ̀daràn rí. Òun ni ó pa ìyá Rufus. Rufus dá ọmọ náà sí nítorí pé ẹ̀san tí ó fẹ́ ju ikú lọ: ó fẹ́ kí àbúrò òun di irú òun. Nat yìnbọn, ṣùgbọ́n ẹkún ni ó ń sun. Ta ni ó borí? Ọmọ tí ó bá jókòó ti ìbéèrè yìí yóò kọ́ ju ohun tí ìkìlọ̀ wa lè kọ́ ọ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní ọ̀rọ̀ òkè òkun ni, kí ó wo Niger tí ó bá wa pààlà. Níbẹ̀, ní 1966, Moustapha Alassane ṣe Le Retour d'un aventurier. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ cow-boy wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da abúlé láàmú, títí eré fi di ẹ̀jẹ̀. Zalika Souley, obìnrin inú ẹgbẹ́ náà, di gbajúmọ̀ òṣèré. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú rẹ̀ ka ipa tí ó ń kó sí ìwà rẹ̀, wọ́n sì bú u. Àṣìṣe kan náà ni ti ẹni tí ó rò pé ọmọ tí ó bá wo ẹ̀san yóò gbẹ̀san.

Darandaran ni cow-boy, kì í ṣe ohun mìíràn. Ní àgbègbè Tchaourou, a mọ darandaran, a sì mọ àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀. A mọ bí ọ̀rọ̀ oko kan ṣe ń di ọ̀rọ̀ àdá, tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò sì jìyà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọmọ àwọn méjèèjì ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú wa. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré: wọ́n ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú wọn. Àlàáfíà wà nínú orúkọ ìlú wa pàápàá, ṣùgbọ́n orúkọ kò lè dá pa á mọ́.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a fi fíìmù méjèèjì han àwọn ọmọ Première àti Terminale ní alẹ́ kan, ti Alassane ṣáájú, ti Samuel tẹ̀lé e. Kí àwọn òbí jókòó tì wọ́n, ti àgbẹ̀ àti ti darandaran, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde kí ó tó parí. Àwa olùkọ́ yóò darí ìjíròrò náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ lòdì sí wa, àga ìwájú ni a fi pamọ́ dè yín.