Ijó Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́

Ẹni tí ó bá lọ wo eré orin ní Freedom Park, ní Broad Street, Èkó, orí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni ó ti ń jó. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni ìtàgé olórin wà báyìí.

Àwọn kan lè ní ijó kò yẹ irú ibẹ̀. Rárá o! Ṣebí bàtá ni Yorùbá ń lù fún egúngún? Èyí tí ó burú ni kí òǹwòran jó di òru láìmọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn níwájú ìtàgé náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n jó.