Ọdún Tí Kò Ní Ìdánwò Ìta: Kí Ni À Ń Fi SS1 Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Láti ọdún 1982 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, àlàfo kan wà nínú ẹ̀kọ́ girama tí ọ̀pọ̀ òbí kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Ọmọ a ṣe ìdánwò àṣejáde girama kékeré ní JSS3. Ti WAEC àti NECO sì ń dúró dè é ní SS3. Ní SS1, kò sí ìdánwò ìta kankan. Ìdánwò ìparí táámù nìkan ló wà níbẹ̀, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣètò rẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni físíìsì, kẹ́místrì àti bàọ́lọ́jì ń pínyà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọmọ sì ń pinnu bóyá ọ̀nà sáyẹ́ǹsì ni òun yóò tọ̀.

Èrò wa ni pé ọdún òmìnira ló yẹ kí SS1 jẹ́ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ọdún àdàkọ. Olùkọ́ a pe nóòtì, ọmọ a kọ ọ́ sílẹ̀. Láàbù a sì wà ní títì. Ó di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìdánwò ìfọwọ́ṣe ti SS3 kí wọ́n tó ṣí i. Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ kan sì wà tí wọ́n ń fi owó àpò ara wọn ra kẹ́míkà. Síbẹ̀, láti ibí ni ìfẹ́ sí ẹ̀kíspò ti ń wọlé. Ẹni tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí i kí àwọ̀ omi yí padà rí, ohun tí ẹlòmíràn bá kọ ni yóò kọ.

Ọdún 2020 fi ọkàn wa hàn. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta, ìdánwò WAEC pàdánù ọjọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Mallam Adamu Adamu, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní kópa. Kò pẹ́ tí ìjọba yí ohùn padà. Àwọn kíláàsì àṣejáde wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Gbogbo àríyànjiyàn ìgbà náà dá lórí ìdánwò. Àwọn wo ló béèrè ohun tí ọmọ SS1 lè fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nínú oko òbí rẹ̀ láàárín oṣù wọ̀nyẹn?

Orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ti gbìyànjú irú ọdún bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1974: ọdún kan láàárín ìdánwò girama kékeré àti ti àgbà, tí kò ní ìdánwò ìjọba, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ń ṣètò rẹ̀ bí ó bá ti yẹ agbègbè rẹ̀. A kò ní owó Írẹ́lándì. Ṣùgbọ́n ọdún náà gan-an wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú Bọ́lọ́rundúró, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, fún àpẹẹrẹ. Agbègbè kòkó ni. Bí wọ́n bá fọ́ kòkó, wọn a kó hóró rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a sì bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Lábẹ́ ewé yẹn, ìwúkàrà, tí gbogbo òǹkàwé Bíbélì mọ̀, ń sọ ṣúgà ara kòkó di ọtí. Bakitéríà a sì sọ ọtí náà di ọtí kíkan. Òkìtì náà a gbóná tó 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru àti ìkan yìí ló ń pa hóró náà kí ó má baà hù, tí ó sì ń pèsè ohun tí yóò di òórùn ṣokoléètì nígbà tí wọ́n bá yan án. Tẹmómítà kan, bébà lítímọ́ọ̀sì díẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan tí bàọ́lọ́jì, kẹ́místrì àti físíìsì yóò jọ wà lójú kan.

Lẹ́yìn náà ni sísá. Omi inú kòkó gbígbẹ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bu. Ọmọ tó bá ń wọn kòkó lójoojúmọ́, tó sì ń ya àwòrán bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń dín kù, ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní tòótọ́. Èèpo kòkó pàápàá wúlò: ìyá arúgbó tó ń sẹ́ omi eérú rẹ̀ láti fi se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú àdín ń ṣe ohun tí ìwé kẹ́místrì SS1 ń pè ní ìyàsọ́tọ̀ àwọn àdàlù. Ó yẹ kí wọ́n pè é wá sí kíláàsì.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ kò jìnnà. Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà. FUTA wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sì wà ní ìlú Oǹdó. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 náà fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà, tí ọ̀gbìn àti fífi iná sólà wà lára wọn.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ tí kò rí ìdánwò níwájú kò ní kàwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Írẹ́lándì pàápàá, àwọn kan ń pè é ní ọdún ìmẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ gba máàkì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ti fi ọwọ́ sí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọmọ láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, a ti sọ ọ́ di nọ́ńbà tí a kàn ń kọ dí àlàfo. Olùkọ́ kan ṣoṣo fún kíláàsì ńlá kò lè dá a ṣe, a gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ wa ni àwọn àgbẹ̀, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà. Nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ̀yin òbí béèrè ìgbà tí wọ́n ṣí láàbù kẹ́yìn fún SS1, kí ẹ tó béèrè iye nóòtì tí wọ́n ti kọ.

Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni ìkórè kòkó ńlá máa ń wáyé, inú táámù kínní ló sì bọ́ sí. Bí àwọn olùṣọ́ àgùntàn bá fẹ́ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lágbègbè wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣe é kí ọlidé ńlá tó parí, kí oko tí wọn yóò lò lè ti wà ní sẹpẹ́.